Ẹni Tí Ó Ṣẹ̀ Ni Kí Á Jẹ Níyà

Ní ọdún 2023, àti ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde òfin kónílé-ó-gbélé ní Ìlobùú àti Ifọ́n. Ti ọdún 2025 kan Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun pẹ̀lú, wákàtí 24 lójúmọ́ sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó dẹ ẹ́. Ìjà ààlà ilẹ̀ ni ó fà á: ènìyàn kú, iná jó ilé.

A kò bá ìjọba jà lórí èyí. Nígbà tí ilé bá ń jó, a kì í dúró bèèrè ẹni tí ó tanná ràn án kí á tó bu omi. Òfin yìí ni omi tí ó wà ní àrọ́wọ́tó, Gómìnà Adémọ́lá Adélékè sì lò ó. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí iná bá kú, ó yẹ kí á wá ẹni tí ó dá a.

Ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé ẹ̀yin olùkọ́. Ọmọ kan súfèé nígbà tí tíṣà kọjú sí pátákó. Tíṣà yí padà, kò mọ ẹni tí ó ṣe é, ó bá ní kí gbogbo kíláàsì kúnlẹ̀. Kíláàsì yóò parọ́rọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà gan-an ni àwọn tí kò súfèé yóò kọ́ pé ìwà rere kò lérè, ẹni tí ó súfèé yóò sì rí i pé ibi ìsápamọ́ sí ni àwọn ẹgbẹ́ òun. Wọ́n kìlọ̀ èyí fún wa nígbà tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. A sì jẹ́wọ́ pé àwa náà ti ṣe é rí nígbà tí inú ń bí wa.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ìyá tí ń ta gàrí ní Ìlobùú àti fún ọlọ́kadà ní Ifọ́n. Ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n lẹ́jọ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ ẹ̀ṣẹ̀ wọn fún wọn. Wọn kò sì mọ ọjọ́ tí ìyà wọn yóò tán. Ẹni tí ó yìnbọn ńkọ́? Òun náà jókòó sílé bí wọn. Ìyà kan náà ni!

Abala 36 nínú Ìwé Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí a bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹ̀sùn náà ní èdè tí ó yé e, kí ó sì wí tẹnu rẹ̀. Nítorí náà, kí a mú ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ dé ilé ẹjọ́ ní gbangba. Kí a sọ ohun tí ó ṣe. Bí ó bá jẹ̀bi, kí a sọ iye ọdún tí yóò lò lẹ́wọ̀n, kí ó sì ní ààyè láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Bí ó bá jàre, kí ó máa lọ sílé. Ní ti ààlà ilẹ̀ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ilé ẹjọ́ àti àwọn awọnlẹ̀ ni. A kò dá sí i lónìí.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ibi tí ó kàn yín nìyí. A mọ bí a ti ń ṣe é: wọ́n mú ọmọkùnrin kan, ilẹ̀ kò tí ì ṣú tí aṣáájú kan fi dé àgọ́ ọlọ́pàá láti gbà á sílẹ̀, nítorí pé ó wúlò lọ́jọ́ ìdìbò. Ẹni tí ẹ bá gbà sílẹ̀ báyìí, kò ní fojú kan adájọ́, ìyá alágàrí ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀ nígbà tí ìjà mìíràn bá dé.

Àwọn ààfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà: kí olúkúlùkù fi ọmọ tirẹ̀ tí ó ṣẹ̀ lé òfin lọ́wọ́, kí ó tó nàka sí ọmọ ìlú kejì.