Ilé Tí Ó Yẹ Olú

Ní ilẹ̀ wa, òrùlé ni a kọ́kọ́ ń wò bí a bá fẹ́ mọ bí ọwọ́ onílé ti tó ẹnu tó. Ẹni tí ilé rẹ̀ jẹ́ ti koríko, a ka á kún aláìní. Ẹni tí ó fi páànù bo tirẹ̀, a gbà pé Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà rẹ̀. Èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí, níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ pé ènìyàn ni yóò máa gbé inú ilé náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé olú ni yóò gbé ibẹ̀, olú tí a fẹ́ gbìn kí a sì tà, ọ̀rọ̀ yí padà, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ìpàdé àwọn òbí ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni ó bí ọ̀rọ̀ yìí. A ń gbèrò pé kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ máa gbin olú, gbogbo ìpàdé sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí ó kan ilé tí a ó kọ́ fún iṣẹ́ náà, mo dìde, mo sì dábàá ọparun àti koríko. Baba kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi rọra dìde, ó ká agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó ní: “Tíṣà, ẹ ṣeun o. Ṣùgbọ́n inú ilé koríko ni wọ́n bí àwa sí, làálàá ni a sì fi jáde kúrò níbẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ dá àwọn ọmọ wa padà síbẹ̀ ni?” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, èmi náà kò gbẹ́yìn. A sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé tí ń bọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro èsì tí ǹ bá fọ̀ fún baba.

Olú fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Kò sí ọmọ oko tí kò mọ bí a ti í jí ní òwúrọ̀ lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò, kí a lọ ṣa olú ní ìdí òkìtì ọ̀gán, lára ìtì ọ̀pẹ tí ó ti ń jẹrà, tàbí lórí ìhá tí àwọn obìnrin dà nù níbi tí wọ́n ti ń ṣe epo. A mọ ẹsẹ̀ adìẹ tí í hù lára igi gbígbẹ. A mọ èyí tí í ta bí iṣu. A sì mọ̀ pé àwọn kan wà tí ń pa ènìyàn, nítorí náà àgbà ni í kọ́ ọmọdé ní èyí tí ó lè mú wálé. Ní ọdún 1975, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Ìbàdàn, B. A. Oso, kọ̀wé nípa olú àti àwa Yorùbá sínú Mycologia, ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ olú ní Amẹ́ríkà. Ó kọ orúkọ tí àwọn baba wa sọ oríṣiríṣi olú, àti ìlò wọn fún oúnjẹ àti fún oògùn. Ohun tí ó jẹ́ tuntun sí wa ni gbígbìn.

Èyí tí a sábà máa ń gbìn ní ilẹ̀ olóoru ni olú funfun kan tí ó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pleurotus. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Richard Falck, ni a mọ̀ sí ẹni tí ó kọ́kọ́ gbìn ín, lórí kùkùté igi, ní ọdún 1917. Lónìí, ìyẹ̀ pákó tí ayùn ń dà sílẹ̀ ní sọ́ọ̀mìlì ni a fi ń gbìn ín: a ó po ó mọ́ èérí ìrẹsì àti ẹfun díẹ̀, a ó fi omi rin ín, a ó jẹ́ kí ó bà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a ó wá dì í sínú àpò ọ̀rá, a ó fi ooru omi gbígbóná sè é kí àwọn ohun àìmọ́ inú rẹ̀ lè kú. Bí ó bá tutù, a ó fi irúgbìn olú sí i. Ní nǹkan bí oṣù kan, àpò náà yóò ti funfun nínú bí ẹni pé a ki òwú sí i. Ìgbà yìí ni a óò gbé e lọ sí ilé tí yóò ti so, níbẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń kọsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí olú ń fẹ́ lọ́wọ́ ilé. Bí a bá pín olú tútù sí ọ̀nà 10, omi ni ọ̀nà 9 nínú rẹ̀, kò sì ní èèpo tí ó lè pa omi náà mọ́ bí ọsàn ti ní. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé atẹ́gùn gbígbẹ ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́: ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ilé náà gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n 80 sí 90 nínú 100. Ooru tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti so wà láàrin ìwọ̀n 20 sí 30 ti Celsius. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀, tí a fi lè ka ìwé, tó o. Síbẹ̀, olú ń mí gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń mí: ó ń fa afẹ́fẹ́ tútù sínú, ó sì ń tu èyí tí ó ti lò jáde. Bí ilé bá ká a mọ́, igi ìdí rẹ̀ yóò gùn gbọọrọ, orí rẹ̀ yóò sì kéré, kò sí oníbàárà tí yóò sì fi owó rà á.

Wàyí o, ẹ wo ìṣòro tí ó wà níbẹ̀. Bí o bá ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, ọ̀rinrin a bá a jáde; bí o bá tì í kí ọ̀rinrin má baà lọ, olú kò ní rí èémí mí. Ilé tí ó yẹ olú ni ilé tí ó lè parí ìjà yìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ó lágbára tàbí pé ó lẹ́wà lójú títì.

Mo mọ ọkùnrin kan ní agbègbè Èjìgbò tí kò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí. Ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará agbègbè wa ni í lọ ṣòwò ní Abidjan, ní ilẹ̀ Côte d’Ivoire. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó lò níbẹ̀. Nígbà tí ó dé, ó ní òun kò padà mọ́, olú ni òun yóò máa gbìn. Ó kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù sí ẹ̀yìnkùlé, ó rẹ́ ẹ nínú àti lóde, ó fi páànù tuntun bò ó, ó sì ṣe fèrèsé onígíláàsì mẹ́rin. Ilé náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń kọjá fi ń rò pé ó fẹ́ gbé ìyàwó mìíràn. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó rẹ̀ ni ó wọlé lọ kí ó tó ra àpò olú kan ṣoṣo.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, tí oòrùn ọ̀sán kan páànù náà, mo wọ ilé yìí, n kò sì lè dúró níbẹ̀ pẹ́. Ó ń bu omi wọ́n àwọn àpò náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Omi ń gbẹ kí ó tó jù korobá sílẹ̀. Nígbà tí ó ti fèrèsé pa, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn ní òru, ìdọ̀tí àwọ̀ ewé sì bo àwọn àpò náà. Ó tó oṣù márùn-ún tí ó fi bá a jà. Nísinsìnyí, ó ti padà sí Abidjan, àgbàdo ni wọ́n sì ń kó sínú ilé náà. N kò lè rántí ọ̀rọ̀ yìí kí ó má dùn mí, nítorí pé ọkùnrin náà kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ìtìjú ilé koríko ni ó ná an ní owó ọdún mẹ́sàn-án.

Bí ẹ bá wo àwọn ilẹ̀ mìíràn, ẹ ó rí i pé ohun tí ó wà nítòsí ni àwọn tí iṣẹ́ olú yẹ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ní Paris, inú ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti wa òkúta ìkọ́lé jáde ni wọ́n sọ di oko olú ní ìgbà kan, nítorí pé ihò náà tutù, ó sì rin, bẹ́ẹ̀ ni olú tiwọn sì fẹ́ òtútù ju tiwa lọ. Kò sí ẹni tí ó fi wọ́n ṣẹ̀sín pé inú ihò ni wọ́n ń gbé. Ní tòsí wa, ní Ghana, ètò ìjọba lórí olú gbígbìn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1990, ilé ìwádìí oúnjẹ wọn ní Accra sì ń pèsè irúgbìn olú fún àwọn àgbẹ̀. Ìyẹ̀ igi wawa ni wọ́n fi ń gbìn ín, igi tí àwa ń pè ní arère. Inú ilé ọparun tí a fi imọ̀ bò, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ iyanrìn, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ kéékèèké wọn sì ti ń kórè.

Ẹ má ṣe rò pé mo ní kí a kọ́ ahéré kí a sì kó olú sí i. Ahéré jẹ́ ilé ẹni tí yóò sùn ní alẹ́ kan tàbí méjì. Ilé tí mo ń sọ jẹ́ ilé fúyẹ́ tí a ro jinlẹ̀ kí a tó gbẹ́ ihò òpó àkọ́kọ́. Èmi yóò fi igi àyìn ṣe òpó rẹ̀, igi ọ̀dàn yìí kan náà tí àwọn baba wa ń fi ẹ̀ka rẹ̀ ṣe orín, nítorí pé ó le, ikán kì í sì í tètè rí i jẹ. Ọparun ni yóò jẹ́ ìyókù. Ọparun tí a bá gé láìdúró, tí a sì lò lójú ẹsẹ̀, kòkòrò yóò sọ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú kí ọdún kejì tó pé, nítorí adùn tí ó wà nínú rẹ̀ ni kòkòrò ń wá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí a gé e, kí a rẹ ẹ́ sínú odò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí omi lè fọ adùn náà kúrò, lẹ́yìn náà kí a sá a sí ibòji.

Òrùlé gbọ́dọ̀ ga ní àárín, kí ó sì dà gẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí pé koríko tí ó bá tẹ́jú a máa gba omi dúró, a sì jẹrà. Koríko náà kò wọ́n wa. Orúkọ ìlú wa pàápàá ní ọ̀dàn nínú. Àárín òrùlé yìí, lókè pátápátá, ni kí a ti fi àyè tóóró sílẹ̀, kí a sì fi koríko díẹ̀ ṣe ìbòrí lé e kí òjò má baà wọlé. Nísàlẹ̀, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí ilẹ̀, kí a tún dá ihò sí ara ògiri. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa gòkè. Bí ó bá ti ń jáde lókè, tútù yóò máa wọlé nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹ̀rọ, láìsí iná mànàmáná. Ògiri jẹ́ ọparun tí a là tí a sì hun, a ó sì fi àpò ìdọ̀họ ta á nínú. Àpò yìí ni a óò máa fi omi rin, pẹ̀lú iyanrìn tí a tẹ́ sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tí ń wọlé lè gba ara omi kọjá kí ó tó kan olú. Báyìí ni ìjà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣe parí: èémí wọlé, ọ̀rinrin kò sì jáde tán. Àwọ̀n wẹ́wẹ́ ni kí a fi dí gbogbo ihò, nítorí àwọn kòkòrò kéékèèké tí ń yé sí olú. Kí ẹnikẹ́ni má sì fín oògùn kòkòrò síbẹ̀, nítorí pé ohun tí ó bá kan olú kò ní ṣàì kan ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Ilé koríko ní àléébù tirẹ̀, n kò sì ní fi í pamọ́. Ìdọ̀tí a máa já bọ́ láti ara koríko, nítorí náà ni mo ṣe máa ń ní kí a ta ọ̀rá mímọ́ sí abẹ́ òrùlé, kí a má sì jẹ́ kí ó dí ihò òkè. A ó máa tún koríko náà ṣe láti ìgbà dé ìgbà. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò lè ká a lọ bí a kò bá so ó mọ́ òpó dáadáa. Ewu iná ni ó bà mí lẹ́rù jù, ní ìgbà ọyẹ́ tí wọ́n ń sun igbó kiri. A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí koríko kan hù yí ilé náà ká. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò sì gbọdọ̀ máa fa lẹ́búlẹ́bú funfun tí olú ń tú jáde símú, nítorí pé ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kí ó fi aṣọ bo imú, kí ó sì ká olú kí etí rẹ̀ tó yí sókè. Àwọn olùkọ́ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní Èjìgbò, kò jìnnà sí wa. Ìbá dára kí a bi wọ́n ní ohun tí kò bá yé wa kí a tó náwó. Àwọn kan yóò ní kí a fi páànù bò ó, kí a sì tẹ́ koríko lé páànù lórí. Èmi kò kọ èyí, bí ó bá jẹ́ pé ó lè mú àwọn òbí gbà, ṣùgbọ́n owó páànù náà ìbá ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpò olú.

Mo ti rí èsì fún baba wàyí. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ààfin Aláàfin, àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ń kó o wá ní ọdún bẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n mo mọ baba, yóò sọ pé Aláàfin ti kúrò lábẹ́ koríko tipẹ́. Nítorí náà, bí ìpàdé bá pé, èmi yóò bẹ àwọn àgbà pé kí a ṣe é ní agogo méjì ọ̀sán. A ó kọ́kọ́ jókòó fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ilé páànù tí a ń kó ọkọ́ àti àdá sí, tí kò ní àjà. Lẹ́yìn náà, a ó lọ parí ọ̀rọ̀ wa lábẹ́ àtíbàbà koríko tí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ pa sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Mo ti bá wọn wá ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ooru. Baba fúnra wọn ni yóò kà á fún wa.