Ẹ Má Tún Gbé Bọ́ọ̀dù Lé Àgbẹ̀ Lọ́rùn!

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin tí ẹ ń gbin kòkó ní Oǹdó, ní Iléṣà, ní Ìkirè àti ní gbogbo abúlé, ọ̀rọ̀ yín la fẹ́ sọ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Igbákejì Ààrẹ Kashim Shettima kéde pé ìjọba fẹ́ dá bọ́ọ̀dù kan sílẹ̀ tí yóò máa ṣàkóso iye owó oúnjẹ. Àwọn kan sì ti ń pariwo pé kí bọ́ọ̀dù kòkó náà padà wá. Ẹ gbọ́ ná!

Àwọn àgbà mọ bọ́ọ̀dù. Láti 1947 ni ó ti ń ra kòkó wa. Iye tí wọ́n bá dá ni àgbẹ̀ máa gbà, bó wù ú, bó kọ̀. Tí kòkó bá wọ́n ní London, bọ́ọ̀dù ló ń kó èrè. Wọ́n ní àwọn ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí ọjà bá kú. Owó ọ̀hún wá di owó ìjọba. A ò ní purọ́ mọ́ wọn o: Cocoa House tí wọ́n parí ní Ìbàdàn ní 1965, owó kòkó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ mélòó ló ní yàrá níbẹ̀? Nígbà tí owó orí ga, tí owó kòkó sì kéré, ṣebí Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968 àti 1969, tí ẹ̀mí sì ṣòfò.

Ní 1986 ni ìjọba ológun Babangida tú bọ́ọ̀dù ká. Owó tó ń dé ọwọ́ àgbẹ̀ fò sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé náírà tó ń wó lulẹ̀ wà lára ohun tó gbé e sókè. Ẹ wo Gánà tí bọ́ọ̀dù tiwọn ṣì wà. Nígbà tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní 2024, iye tí bọ́ọ̀dù dá ni wọ́n ń san fún àgbẹ̀ ibẹ̀, àwọn kan sì ń yọ́ kó kòkó kọjá ẹnubodè lọ tà ní Tógò.

Wọ́n á ní, "Tí ọjà bá wá já ńkọ́?" Ó já lóòótọ́ ní 2025, ó sì dun àgbẹ̀ wọra. Ṣùgbọ́n kí bọ́ọ̀dù máa kó èrè ẹni lọ́dọọdún, kó wá fi ṣíbí kan bù ú padà fún ni, ṣé ìrànlọ́wọ́ nìyẹn?

Síkéèlì ló ń pa àgbẹ̀ lónìí. Oníṣòwò á gbé síkéèlì tó ti yí wá, àgbẹ̀ kò sì rí ẹni tí yóò fẹjọ́ sùn. Lẹ́yìn 1986, ẹni tó mọ kòkó àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló ń rà, wọ́n ń da tútù pọ̀ mọ́ gbígbẹ, èyí tó ti bu pọ̀ mọ́ èyí tó dára, àwọn oníbàárà òkè òkun sì ń ráhùn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìjọba wà: kí wọ́n yẹ òṣùwọ̀n wò, kí wọ́n yẹ kòkó wò, kí wọ́n sì tún ọ̀nà oko ṣe. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá!

Tí àwọn tó wà lórí àlééfà bá wá tọrọ ìbò yín, ẹ bi wọ́n: ọjọ́ wo ni òṣìṣẹ́ ìjọba wá yẹ síkéèlì wò ní abúlé yín gbẹ̀yìn?