Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Kì í Ṣe Oògùn Ojú

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí àwa apòògùn bá gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí wa ní Muṣin, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í ṣàìgbọ́. Bí a bá ní kí bàbá kan lọ yẹ ojú wò nítorí glaucoma, á ní: "Dókítà, ẹ má ṣèyọnu. Mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti wálẹ̀, ti ojú náà á wálẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sóòótọ́, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó léwu. Ní nǹkan bí ọdún 1950, wọ́n ń fi oògùn kan tó ń jẹ́ hexamethonium wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ń dínà mọ́ iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí òpó ẹ̀jẹ̀, ní oríta tí iṣan kan ti ń fi iṣẹ́ náà lé òmíràn lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, agbára tí omi inú ẹyinjú fi ń ti ojú náà á sì dínkù. Ṣùgbọ́n oògùn náà kò mọ ibi tó yẹ kó dúró: ẹnu á gbẹ, ìgbẹ́ á le, òòyì á sì kọ́ ẹni tó bá dìde. Ẹ wo ẹni tó ń ti ìforíkanlẹ̀ dìde! Nígbà tí oògùn tó sàn jù dé, wọ́n pa á tì.

Amlodipine tí ọ̀pọ̀ yín ń lò kì í ṣe irú rẹ̀, kò sì wo glaucoma. Ẹ má dá a dúró o, ẹ má sì fi kún un nítorí ojú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù lóru, iṣan tó ń gbé ìríran lọ sọ́pọlọ lè má rí ẹ̀jẹ̀ tó.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú ènìyàn 20 tó ti pé ọdún 40, ó tó ẹnì kan tó ní glaucoma. Nínú 5 tó ní in, ẹnì kan ti fọ́jú. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í dunni, ohun tó bá sì gbà nínú ìríran kì í padà.

LUTH kò jìnnà, Ìdí-Àràbà níbí ni. Bí bàbá tàbí ìyá bá ní in, kí àwọn ọmọ àti àbúrò náà lọ. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó fún un ní timolol. Ẹni tó ń kán oògùn, kó má torí Ramadan pa á tì; kó bi dókítà bóyá òun lè máa kán án nígbà sààrì àti lẹ́yìn ìṣínu.

Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́, kí a tó dè yín lápá, a ó kọ́kọ́ bi yín ìgbà tí ẹ yẹ ojú wò kẹ́yìn.