Ẹ Yé Fi Fíìmù Bú Àwọn Ọ̀dọ́, Ẹ Fi Kọ́ Wọn Bí A Ṣe Ń Dìbò

Bí ìdìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà, irú fíìmù kúkúrú kan a máa yọjú. Inú gbọ̀ngàn sinimá ni wọ́n ti ń fi í han èrò, kí fíìmù tí wọ́n torí rẹ̀ sanwó wọlé tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ. Gbajúmọ̀ òṣèré kan a bọ́ síwájú, a lejú díẹ̀, a na káàdì ìdìbò sókè, a sì pàrọwà fún àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n jí lójú oorun, nítorí ọwọ́ wọn ni ọjọ́ ọ̀la wà. Orin a ròkè, àsíá a máa fẹ́ lẹ́lẹ́, ó parí. Kí gúgúrú ọwọ́ òǹwòran tó tán, ọ̀rọ̀ òṣèré náà ti fò lọ.

Ète àwọn tó ń ṣe irú fíìmù yìí lè dára. Àṣìṣe wọn wà nínú ohun tí wọ́n ti gbà gbọ́ kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà: pé ìmẹ́lẹ́ àti àìbìkítà ló ń dá ọ̀dọ́ dúró sílé lọ́jọ́ ìdìbò. Ẹ̀sùn ni wọ́n pè ní ìyànjú, ẹ̀sùn náà kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìṣirò tí àjọ elétò ìdìbò, INEC, fúnra rẹ̀ gbé jáde ló tú u fó. Fún ìdìbò ọdún 2023, ènìyàn 93,469,008 ló wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò. Nínú wọn, 37,060,399 ni ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 18 sí 34. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìran tí kò bìkítà kì í forúkọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n Oṣù Kejì pé, tí wọ́n dìbò yan ààrẹ, iye ènìyàn tí wọ́n yẹ̀ wò fún ìdìbò káàkiri orílẹ̀-èdè kò ju 25,286,616 lọ, ìyẹn bí i 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó lé ní mílíọ̀nù 68 ni kò yọjú. Bí a tilẹ̀ ní kò sí ọ̀dọ́ kan ṣoṣo tó jáde lọ́jọ́ náà, orúkọ àgbàlagbà tí kò yọjú ṣì lé ní mílíọ̀nù 31. Ta wá ni yóò ṣe fíìmù tí yóò bú àwọn bàbá àti ìyá wọ̀nyẹn?

Èkó ni ìlú tí sinimá pọ̀ sí jù lọ nílẹ̀ Nàìjíríà. Orúkọ tó lé ní mílíọ̀nù 7 ló wà nínú ìwé níbẹ̀. Ìbò tí wọ́n dì fún ipò ààrẹ kò tó mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó. Bí ó bá jẹ́ pé gbajúmọ̀ ojú àti orin dídùn ló ń gbé ènìyàn dé ibùdó ìdìbò, Èkó ni kì bá ṣíwájú.

Ohun tó yẹ kí á bèèrè ni èyí: kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dọ́ láàárín ọjọ́ tó forúkọ sílẹ̀ sí ọjọ́ tó yẹ kó tẹ̀ka? Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ káàdì. Káàdì tó lé ní mílíọ̀nù 6 ni àwọn tó ni ín kò gbà kí ìdìbò 2023 tó dé. Èkejì ni ọ̀nà jíjìn. Ó lé ní mílíọ̀nù 26 nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀ tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni ilé ẹ̀kọ́ wọn wà ní ìlú kan, tí ibùdó ìdìbò wọn sì wà ní ìlú mìíràn. Ìjọba mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pàṣẹ kí àwọn yunifásítì wà ní títì pa láti ọjọ́ kejìlélógún Oṣù Kejì títí di ọjọ́ kẹrìnlá Oṣù Kẹta. Àfi bí INEC ṣe sún ìdìbò gómìnà láti ọjọ́ kọkànlá Oṣù Kẹta sí ọjọ́ kejìdínlógún, tí ìdìbò fi bọ́ sí ẹ̀yìn ọjọ́ tí àṣẹ náà dá. Ṣé ọ̀lẹ ni ọ̀dọ́ tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ báyìí?

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rù àti ìjákulẹ̀. Lọ́jọ́ ìdìbò gómìnà náà, àwọn jàǹdùkú lé olùdìbò kúrò ní àwọn ibùdó kan nílùú Èkó. Kí ó tó di ìgbà náà, INEC ti ṣèlérí pé èsì ìdìbò ààrẹ yóò máa dé orí íntánẹ́ẹ̀tì láti ibùdó kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ ìdìbò; nígbà tí ọjọ́ pé, èsì náà kò dé bí wọ́n ti wí. Ọ̀dọ́ tó tò láti òwúrọ̀, tó dìbò, tó sì dúró de ìlérí tí kò ṣẹ, kò sùn rárá. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá: ìgbẹ́kẹ̀lé ló ṣàìsàn, oorun kọ́.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí wọ́n má ṣe fíìmù mọ́. Kí wọ́n ṣe èyí tó wúlò ni. Ìṣẹ́jú kan tó láti fi han akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kàwé ní Ilé-Ifẹ̀, tí ibùdó ìdìbò rẹ̀ sì wà ní Ìkòròdú, pé òfin fàyè gbà á láti bẹ̀bẹ̀ fún ìyípadà ibùdó, àti pé gbèdéke wà fún un. Kò ṣeé ṣe mọ́ bí ìdìbò bá ti wọlé dé. Ìṣẹ́jú kan tó láti sọ pé ẹni tó bá ti wà lórí ìlà kí aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán tó lù ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, kódà bí ìlà náà bá pẹ́ títí dìrọ̀lẹ́. Ó tó láti sọ pé ojú gbogbo ènìyàn ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti ka ìbò, pé wọ́n gbọ́dọ̀ lẹ èsì mọ́ ibùdó náà, pé ẹnikẹ́ni tó bá dúró lè fi fóònù rẹ̀ ya àwòrán rẹ̀.

Bí wọ́n bá sì ń wá ìtàn tó lè wọ ènìyàn lára, kí wọ́n lọ sí Ọ̀ṣun. Lọ́dún 2018, lẹ́yìn àtúndì ní ibùdó méje, Gboyega Oyetola ní ìbò 255,505, Ademola Adeleke ní 255,023. Ìbò 482 ló ya ẹni tó di gómìnà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó pàdánù. Gbọ̀ngàn sinimá méjì tàbí mẹ́ta lè gba iye ènìyàn bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ iye yẹn sára ògiri sinimá, kí èrò wo ẹni tó jókòó tì wọ́n, yóò yé wọn ju ìwàásù òṣèré lọ.

Ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàì ní àwòkọ́ṣe. Hubert Ògúǹdé kò pàrọwà lásán nígbà tó gbé eré Yorùbá Ronú jáde lọ́dún 1964. Ìjà òṣèlú tó ń fa ìran rẹ̀ ya ló gbé sójú agbo, ó sì ta ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lára débi tí wọ́n fi fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó di ọdún 1966 kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde lọ́dún 1999, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, fi ọba tó yẹra fún ètùtù oyè hàn, kí ó lè jayé orí rẹ̀ láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè. Fíìmù tí olóṣèlú oníwàkiwà lè jókòó wò tẹ̀ríntẹ̀rín, kí ó sì tún pàtẹ́wọ́ fún, kò tíì sọ nǹkan kan.

Àwọn kan yóò ní sinimá kò fẹ́ ọ̀rọ̀ tó pọ̀, pé ìwúrí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìwúrí dára, ṣùgbọ́n ẹni tí a wú lórí láìfi ọ̀nà hàn án, ojú kan náà ni yóò dúró sí. Ẹ̀gbẹ́rún náírà mélòó kan ni tíkẹ́ẹ̀tì sinimá, ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì tàbí tó ń gun ọ̀kadà kì í sábà débẹ̀. Kí wọ́n gbé fíìmù náà lọ sí ilé tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù, kí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ó sì sọ èdè tí wọ́n ń sọ nílé.

Ìdìbò 2027 ń bọ̀, àwọn oníkámẹ́rà yóò tún palẹ̀ mọ́. Kí wọ́n tó ní kí òṣèré lejú mọ́ ọ̀dọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ yí kámẹ́rà náà sí àwọn tó ń ṣètò ìdìbò, kí wọ́n bi wọ́n bóyá ilẹ̀kùn tí wọ́n ní kí ọ̀dọ́ gbà wọlé ṣí sílẹ̀. A kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò, ká tún máa bú u pé kò wọlé.