Ta Ló Ní Wọn Ò Fẹ́ràn Ìwé?

Ẹ̀yin ará mi ní Houston, ní Chicago, ní Maryland, àti ẹ̀yin tí ẹ wà nílé tí ẹ ń gbọ́ ìròyìn Amẹ́ríkà lẹ́nu àwa tí a lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ níbi ìsọmọlórúkọ, nígbà tí àwo ìrẹsì bá ti ṣófo, tí àwọn àgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọmọ. "Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kọ́ wọn. Bọ́ọ̀sì ń wá gbé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn akátá yìí ni ò fẹ́ràn ìwé." Gbogbo ilé á mi orí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwa àgbà gan-an la jókòó tí orí ọmọ ń wọ́.

Irọ́ ni. A ò gbọ́ tẹnu àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí a ń dá lẹ́bi rí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí "ọ̀fẹ́" yẹn. Lóòótọ́, ọmọ kì í san owó nílé ìwé ìjọba. Ṣùgbọ́n níbo ni owó oṣù olùkọ́ ti ń wá? Ta ló ń tún òrùlé ṣe? Díẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ ń dá sí i. Ìjọba ìpínlẹ̀ ń dá tirẹ̀. Èyí tó kù, ó sì pọ̀ gan-an, inú owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ilé àti ilẹ̀ àdúgbò ló ti ń wá. Níbi tí ilé bá ti gbówó lórí, ilé ìwé á rí owó ná. Níbi tí ilé ò bá ti tó nǹkan, àwọn olùkọ́ tó mọṣẹ́ á kó ẹrù wọn lọ síbi tí owó wà. Ó yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ díwọ̀n iye tí ilé bàbá ọmọ tó kí wọ́n tó gbà á sí kíláàsì.

Ní San Antonio ní ìpínlẹ̀ Texas, àwọn òbí kan ní àgbègbè Edgewood gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé ẹjọ́ ní 1968. Ọmọ Mẹ́síkò ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú díẹ̀ sì wà láàárín wọn. Orúkọ Demetrio Rodriguez ló wà níwájú ìwé ẹjọ́ náà. Nínú ìlú kan náà ni Alamo Heights wà, níbi tí àwọn òyìnbó olówó ń gbé. Ohun tó wà nínú ìwé ìdájọ́ rèé: lórí dọ́là 100 tí ilé bá tó, Edgewood ń san owó orí dọ́là 1.05, Alamo Heights ń san sẹ́ǹtì 85. Àwọn tálákà ló ń san èyí tó wúwo jù. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n pín owó náà, dọ́là 26 ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan ní Edgewood, dọ́là 333 ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan ní Alamo Heights. Ẹ padà kà á. Kí ni òbí Edgewood ì bá tún ṣe? Ní 1973, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní òfin orílẹ̀-èdè ò lòdì sí irú ìpín bẹ́ẹ̀. Thurgood Marshall, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ adájọ́ níbẹ̀, wà lára àwọn mẹ́rin tó kọ̀. Ìdájọ́ yẹn wà níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ lè ní, "Ilé wọn ni ò níyì, kí ni ìjọba fẹ́ ṣe sí i?" Ìjọba ló ṣe é tí kò fi níyì. Láàárín 1930 sí 1940, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ya àwòrán àwọn ìlú ńlá, wọ́n sì kun àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní pupa, pé ewu ni láti yáni lówó kọ́lé síbẹ̀. Òyìnbó rí owó yá, ó kọ́lé, ilé gbówó lórí, ọmọ jogún rẹ̀. Ó di 1968 kí òfin tó ka irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ nínú títa ilé àti yíyá a gbé. Ìran kan ti fi ilé kó ọrọ̀ jọ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún ìran kejì, orí iye owó ilé wọ̀nyẹn sì ni wọ́n tún gbé ilé ìwé lé.

Èyí tó dùn mí jù ni pé a ní wọn ò fẹ́ràn ìwé. Ní 1740, South Carolina ṣòfin pé ẹni tó bá kọ́ ẹrú ní ìwé kíkọ yóò san owó ìtanràn. Ní 1831, Virginia fòfin de ìpàdé tí wọ́n bá ti fẹ́ kọ́ àwọn dúdú níwèé, títí kan àwọn tó ti gba òmìnira. Ta ní í ṣòfin de ohun tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́? Lẹ́yìn tí oko ẹrú tán, tí ìjọba àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù ń fi ilé ìwé aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ láìbójútó, olùkọ́ aláwọ̀ dúdú kan, Booker T. Washington, àti oníṣòwò kan, Julius Rosenwald, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi kọ́ nǹkan bí 5,000 ilé ìwé ní abúlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Rosenwald ló san gbogbo rẹ̀. Owó tí àwọn aláwọ̀ dúdú fúnra wọn dá, àwọn tó ń ro oko òwú lórí ilẹ̀ olówó, ju owó tí Rosenwald mú wá lọ. Wọ́n sì ti san owó orí ṣáájú! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú inú wo obìnrin tó ta adìyẹ kó lè fi owó rẹ̀ ra pákó ilé ìwé, kí ẹ wá sọ fún un pé kò fẹ́ràn ìwé.

Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀lẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni, kò yẹ kí àlàfo tó wà láàárín ọmọ wọn àti ọmọ òyìnbó nílé ìwé máa dín kù. Ìdánwò kan wà tí ìjọba fi ń wọn ìmọ̀ àwọn ọmọ jákèjádò Amẹ́ríkà. Ní 1971, máàkì 53 ni ọmọ òyìnbó ọdún 17 fi ju ọmọ dúdú lọ nínú ìwé kíkà. Nígbà tó di 1988, àlàfo yẹn ti sún sí 20. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn ọmọ tó ṣe ìdánwò 1988 ló dàgbà lẹ́yìn tí wọ́n ti fipá ṣílẹ̀kùn ilé ìwé òyìnbó ní Gúúsù, níbi tó jẹ́ pé ní 1964, bí ọmọ dúdú 2 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bá òyìnbó kàwé. Ẹ̀jẹ̀ wọn ò yí padà. Ilé ìwé ló yí padà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ ọwọ́, àlàfo ọ̀hún sì tún fẹ̀ sí i.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ kan ń sá kúrò ní kíláàsì, àwọn òbí kan ò sì dé ìpàdé olùkọ́ rí. Wọ́n wà láàárín wa náà. Mo sì mọ̀ pé a lè kówó fún ilé ìwé kí wọ́n ná an sí ìnákúnàá. Ṣùgbọ́n àwọn olùṣèwádìí mẹ́ta, Kirabo Jackson, Rucker Johnson àti Claudia Persico, tẹ̀lé ìgbésí ayé àwọn ọmọ tí ilé ẹjọ́ jẹ́ kí owó ilé ìwé wọn pọ̀ sí i, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016: bí owó náà bá fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i fún gbogbo ọdún 12 tí ọmọ tálákà fi kàwé, owó oṣù rẹ̀ nígbà tó bá dàgbà á fi nǹkan bí ìdá 10 pọ̀ sí i.

"Ọmọ tiwa ńkọ́? Òun náà dúdú, ó sì ń yege." Ta ló rí físà gbà? Dókítà, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Asẹ́ ni wọ́n fi sẹ́ wa kí wọ́n tó gbé wa wọ bàálù. A wá ń fi ọmọ ẹni tí wọ́n sẹ́ wé odindi ìran tí wọn ò fún láyè. Kí ló dé tí a ò fi ọmọ dókítà wa wé ọmọ dókítà wọn? Títí di 1965, òfin ìwọ̀lú tó wà láti 1924 fẹ́ràn àwọn ará Yúróòpù jù wá lọ. Ìjà ẹ̀tọ́ tí àwọn tí a ń pè ní akátá jà, tí ajá ọlọ́pàá bù wọ́n jẹ nínú rẹ̀, ló wà lára ohun tó wó òfin yẹn. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, a wọlé, a wá ń bú wọn. Olùkọ́ ò sì ní bi ọmọ yín bóyá Ìjẹ̀bú ni bàbá rẹ̀ kó tó lé e lọ sílé: ní ọdún ẹ̀kọ́ 2017 sí 2018, ọmọ dúdú jẹ́ bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí wọ́n dá padà sílé fún ìyà ẹ̀ṣẹ̀.

Kí ẹ tó tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn níbi ìsọmọlórúkọ tó ń bọ̀, ẹ rántí ìlú Farmville ní Virginia. Ní 1951, Barbara Johns, ọmọ ọdún 16, kó ju 450 akẹ́kọ̀ọ́ jáde kúrò ní ilé ìwé tí wọ́n kọ́ fún ọmọ 180. Abẹ́ àtíbàbà onípépà alọ́dà ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn kan, níbi tí òjò ti ń jò sí wọn lórí. Ilé ìwé tó dára ni wọ́n ń béèrè. Ẹjọ́ wọn wà lára àwọn tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá pọ̀ ní 1954, pé kí wọ́n má ya ọmọ dúdú sọ́tọ̀ nílé ìwé ìjọba mọ́. Nígbà tó di 1959, kàkà kí ọmọ dúdú bá ọmọ òyìnbó jókòó, ìjọba àgbègbè náà ti gbogbo ilé ìwé ìjọba pa. Àwọn òyìnbó dá tiwọn sílẹ̀. Ọdún márùn-ún gbáko ni wọn ò fi ṣílẹ̀kùn fún ọmọ dúdú, àwọn kan ò sì padà síléèwé mọ́ láéláé. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà náà ti lé ní àádọ́rin báyìí. Ó ti ní ọmọ ọmọ, ọmọ ọmọ rẹ̀ sì lè wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú ọmọ yín.