Ẹyẹ Òkun, Ọmọ Ilé Ta Ni Ọ́?

Bí ọmọ Èkó bá kọ́kọ́ wọ Ìlúpéjú-Èkìtì, bó ti wù kó múra tó, ìbéèrè kan náà làwọn ìyá àgbà máa bi í: "Ọmọ ilé ta ni ọ́?" Kò ní í tíì dáhùn tán tí wọ́n á ti máa wá ojú bàbá rẹ̀ lójú rẹ̀.

Ta ló fẹ́ bi ẹyẹ tó ń fò lójú òkun nírú ìbéèrè yẹn? Bẹ́ẹ̀ wọ́n nílé o. Ẹ wo èyí tí òyìnbó ń pè ní roseate tern, ara rẹ̀ funfun, orí rẹ̀ dúdú, ìrù rẹ̀ là sí méjì. Erékùṣù kékeré kan tó ń jẹ́ Rockabill, nítòsí Dublin ní Ireland, ni èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó wà níhà ibẹ̀ ti ń yé ẹyin. Kí ọmọ ẹyẹ tó lè fò ni wọ́n ti máa ń fi òrùka irin tó ní nọ́ńbà sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n á kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé. Ilà ojú tiẹ̀ nìyẹn! Ibi yòówù kí wọ́n ti rí i, wọ́n á mọ ilé tó ti wá.

Ghana ni ọ̀pọ̀ òrùka náà ti jáde. Ibẹ̀ làwọn ẹyẹ yìí ń sá fún òtútù lọ, torí ẹja wà níbẹ̀ dáadáa. Àwọn ọmọdé etí òkun ń fi ẹja dẹ okùn fún wọn. (Ẹ má bú wọn o, ta ni nínú wa tí kò dẹ pàkúté fẹ́yẹ rí?) Wọn ò mọ̀ pé ilé kan ń dahoro lọ́hùn-ún. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, tọkọtaya ẹyẹ yìí ní Britain àti Ireland lé ní 3,000. Nígbà tí yóò fi di ìparí àwọn ọdún 1980, wọn ò tó 600 mọ́. Kì í ṣe ọwọ́ àwọn ọmọ yẹn nìkan, àwọn ẹyẹ ńlá tún ń lé wọn kúrò nílé, omi sì ń jẹ ilẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n láìsí òrùka, ta ni ì bá wo ọ̀nà Ghana?

Ní 1985, ìjọba Ghana àti ẹgbẹ́ RSPB ti ilẹ̀ Britain gbé iṣẹ́ kan dìde, wọ́n ń bá àwọn ọmọ iléèwé àtàwọn ará etí òkun sọ̀rọ̀. Láti 1989 làwọn olùṣọ́ ti ń lọ gbé ní Rockabill lásìkò ìyé ẹyin, wọ́n tiẹ̀ gbé àpótí onígi kalẹ̀ tí ẹyẹ lè yé sí. Nígbà tó fi máa di 2017, tọkọtaya tó wà níbẹ̀ nìkan ti lé ní 1,500.

Òrùka ayé ìsinsìnyí tún yàtọ̀. Iyọ̀ òkun máa ń jẹ àwọn ti àtijọ́, ni wọ́n bá fi irin tó le ṣe é, wọ́n fín lẹ́tà tó tóbi sí i lára. Èèyàn lè fi awò ká a látòkèèrè, kò dìgbà tó bá mú ẹyẹ.

Bẹ́ ẹ bá wá rí òkú ẹyẹ tó ní òrùka lẹ́sẹ̀ ní Badagry tàbí Lekki, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án o, àìsàn lè wà lára rẹ̀. Ẹ sáà da nọ́ńbà àti àdírẹ́sì tó wà lára òrùka náà kọ, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Wọ́n á fèsì fún yín, wọ́n á sọ erékùṣù tí wọ́n ti bí i àti ọdún tí wọ́n bí i.