Ẹ Dúró ní Ìgèdè: Wákàtí Mẹ́ta Tó Ẹni Tó Mọ Ohun Tó Ń Wá

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn arìnrìn-àjò wa fi ń tan ara wọn jẹ. Wọ́n ní àkókò kò tó. Ẹni tó bá gbéra ní Adó-Èkìtì, tó ń lọ wo omi gbígbóná Ìkógòsì, yóò gba Ìyìn, yóò gba Ìgèdè, yóò gba Arámọ̀kọ kọjá. Ẹ bi í léèrè ohun tó rí lójú ọ̀nà. Kòtò inú títì ni yóò kà fún yín. Ẹ bi í pé kí ló dé tí kò dúró níbì kan. Yóò ní àkókò kò tó. Irọ́ gbáà ni. Àkókò tó. Ìmúrasílẹ̀ ni kò tó, ti àlejò àti ti onílé.

Ìgèdè-Èkìtì, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ̀pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn, ni a mọ̀ sí orísun odò Ọ̀ṣun. Láti ilẹ̀ Èkìtì ni odò yìí ti ń ṣàn lọ sí Òṣogbo, tó sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ wọ ọ̀sà Lẹ́kí. Ní Òṣogbo, gbogbo ayé ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ sọ igbó Ọ̀ṣun di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè yìí ní ọdún 1965. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a ń pè ní Àdùnní Olóríṣà, lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ láti gbèjà igbó náà, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Bí oṣù kẹjọ bá ti dé, ẹsẹ̀ kì í gbèrò ní Òṣogbo. Mélòó nínú àwọn tó ń rọ́ lọ síbẹ̀ ló ti fojú kan ibi tí omi náà ti sun jáde? Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Odò kò gbàgbé o. Àwa ni a gbàgbé, tí a ń fi mọ́tò sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èkìtì kò ní òkun, ọkọ̀ ojú omi kankan kò sì lè gúnlẹ̀ sí Ìgèdè. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí á kọ́ wà létí òkun, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ bí a ṣe ń gba àlejò tí kò ní sùn. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá kan wà tí ń gbé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ kiri etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n ń dúró ní Dakar, ní Banjul, ní Takoradi, ní Lomé àti ní Kútọnu. Òwúrọ̀ ni ọkọ̀ sábà máa ń gúnlẹ̀, nígbà tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, yóò tún ṣíkọ̀. Wákàtí díẹ̀ péré ni èrò inú rẹ̀ ní láti fi wo odidi orílẹ̀-èdè. Ẹni tó dá rìn, tó sì pẹ́ kó tó padà, èbúté ni yóò dúró sí tí yóò máa wo ìdí ọkọ̀.

Kí ni àwọn tó gbọ́n nínú wọn ń ṣe? Wọn kì í lé eku méjì. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ ní Dakar yóò wọ ọkọ̀ kékeré lọ sí erékùṣù Gorée, ó parí. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ ní Takoradi yóò lọ sí Elmina, níbi tí àwọn Potogí ti kọ́ ilé olódi sí ní ọdún 1482. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ ní Kútọnu yóò yan ọ̀kan nínú méjì. Ó lè lọ sí Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí omi, tí àwọn tó ń sá fún àwọn akónilẹ́rú tẹ̀ dó. Ó sì lè lọ sí Ouidah, kó rin ọ̀nà tí wọ́n mú àwọn ẹrú gbà dé etí òkun, níbi tí Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ wà. Kódà wọ́n ń ṣọ́ aago: Gánà àti Tógò ń lo aago kan náà, ṣùgbọ́n aago Benin àti ti Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú tiwọn. Ẹni tí kò mọ èyí kó tó kúrò ní Lomé lọ sí Kútọnu lè fi àìmọ̀ pàdánù wákàtí kan nínú mẹ́fà tó ní.

Ṣé ẹ rí i? Àkókò tó kéré ló ń sọ wọ́n di ọlọgbọ́n. Nítorí pé wákàtí wọn kò pọ̀, wọn kò fi ìkankan ṣòfò. Kíkéré abẹ́rẹ́ kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ṣùgbọ́n àwa tí a ní odidi ọjọ́ kan, tí a ní mọ́tò tiwa, tí kò sí ọkọ̀ tó lè fi wá sílẹ̀, àwa la ń sọ pé àkókò kò tó.

N kò ní fi ojú kan ṣoṣo wo àwọn arìnrìn-àjò ojú omi yìí, nítorí ìwà burúkú kan wà lọ́wọ́ wọn tí àwa náà ń hù. Inú ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń jẹun àárọ̀, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ń padà sí lọ jẹ oúnjẹ alẹ́. Ọwọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ni wọ́n ti ń ra àyè nínú bọ́ọ̀sì tó ń mú wọn wọ ìlú. Wọ́n wá, wọ́n wò, wọ́n lọ, kò sì sí ohun tó dọ́wọ́ ìyá tó ń ta ẹ̀pà létí èbúté. Ẹ wá wo tiwa báyìí. Bọ́ọ̀sì kan yóò gbéra láti Èkó, ó ń lọ sí Ìkógòsì. Ìrẹsì ti wà nínú kúlà, omi inú ọ̀rá ti wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀, adìẹ díndín pàápàá láti Èkó ni. Wọ́n gbé ìrẹsì wá sí Èkìtì! Ilẹ̀ tí a ń fi iyán dá mọ̀ káàkiri ayé, ibẹ̀ ni ẹ ti ń ṣí kúlà. Wọ́n ya fọ́tò níbi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù, wọ́n palẹ̀ mọ́, wọ́n yí orí mọ́tò padà. Ìdọ̀tí nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún Èkìtì. Irú àjò bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí kí ènìyàn jókòó sílé kó máa wo àwòrán.

Ṣùgbọ́n bí mo bá dá àlejò nìkan lẹ́bi, mo ṣe ojúsàájú. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Onílé ló yẹ kó fi hàn án. Ìjọba ìpínlẹ̀ wa kọ́ pápákọ̀ òfurufú sí Adó, Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí sì ṣí i ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, kó tó gbé ìjọba sílẹ̀. Ó dára. Ẹni tí ọkọ̀ òfurufú bá já sílẹ̀ níbẹ̀, tó ní wákàtí mẹ́ta kó tó lọ sí ìpàdé tàbí ibi ìgbéyàwó, ta ni yóò sọ fún un pé orísun Ọ̀ṣun kò jìnnà sí i? Ta ni yóò mú un débẹ̀? Ilé ìtura ńlá àti ẹnu géètì tí a ń kùn lọ́dà ni ìjọba wa sábà máa ń rántí bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́. Ẹni tí kò ní sùn kò wúlò lójú wọn. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó dúró fún wákàtí mẹ́ta tí inú rẹ̀ sì dùn, òun náà ni yóò padà wá sùn lọ́dún tó ń bọ̀, yóò sì mú ẹbí rẹ̀ dání.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta kò mí. Àwọn kan yóò ní ọ̀nà kò dára, ìyẹn ní ti ààbò. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé ní Ẹmùré. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ro ó dáadáa. Ibi tó dá páro ni oníṣẹ́ ibi fẹ́ràn. Àlejò tó wọ ìlú ní ọ̀sán gangan, tí ààfin mọ̀ pé ó ń bọ̀, tí ọmọ ìlú méjì ń bá rìn, tí àwọn ọlọ́jà ń wò ó, ìlú ló ń ṣọ́ ọ. Ohun tí ọ̀ràn ààbò ń béèrè lọ́wọ́ wa ni pé kí ìdúró náà ní ètò. Kò ní kí á má dúró mọ́ láéláé.

Àwọn mìíràn yóò ní ibi mímọ́ ni orísun odò, wọn kò fẹ́ kó di ọjà. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Àwọn tó ń bọ Ọ̀ṣun ní Ìgèdè àti ààfin Onígèdè ló ni ẹnu níbẹ̀. Àwọn ni yóò sọ ibi tí ẹsẹ̀ àlejò lè dé àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé, ọjọ́ tí a lè wọlé àti ọjọ́ tó jẹ́ èèwọ̀, ohun tí a lè yà ní fọ́tò àti ohun tí a kò gbọ́dọ̀ yà. Òṣogbo ti fi hàn pé àlejò lè pọ̀ kí igbó má pa run, bí àwọn tó ni í bá le lórí òfin rẹ̀. Ohun tí a kò bá fi han ẹnikẹ́ni, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó bá wa gbèjà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbèjà yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú mọ́. Ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá ṣe ọdún pé kí wọ́n má mu omi odò Ọ̀ṣun, nítorí ìbàjẹ́ tí àwọn tó ń wa góòlù ti fà sínú omi náà. Omi tí àwọn abiyamọ ń bù mu láti ìgbà ìwáṣẹ̀! Ẹni tó bá ti dúró létí orísun rẹ̀, tó ti rí bí odò ṣe kéré tó kó tó di ńlá, ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́ yìí yóò dùn ún ju ẹni tó kà á nínú ìwé ìròyìn lọ.

Àwọn kẹta yóò béèrè pé èló ni owó tí ẹni tó dúró fún wákàtí mẹ́ta yóò ná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ bi ìyá oníyán. Ènìyàn mẹ́wàá tó jẹ iyán lọ́sàn-án Sátidé, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ra iṣu tàbí epo lọ sílé, wọ́n sàn fún un ju géètì ọlọ́dà tí kò rí jẹ lára rẹ̀.

Nítorí náà, èyí ni mo ń wí fún ẹni tó fẹ́ gba ọ̀nà yìí. Yan ohun kan ṣoṣo. Bí o bá ń gba Ìgèdè, jẹ́ kí orísun Ọ̀ṣun jẹ́ ohun náà, kí o sì fi Ìkógòsì sí ọjọ́ mìíràn bí kò bá ní ṣe é ṣe láìsáré. Ránṣẹ́ ṣáájú, nípasẹ̀ ọmọ ìlú kan tí o mọ̀. Bí o bá dé, kí ààfin kó o tó kí odò. Jẹ́ kí ẹni tó mọ ìtàn bá ọ rìn, má bá a dúnàádúrà bí ẹni ń ra tòmátò. Wákàtí kan fún ìkíni àti ìrìn, wákàtí kan fún omi àti ìtàn rẹ̀, wákàtí tó kù fún iyán àti ọjà. Fi kúlà sílẹ̀ ní Èkó. Tètè kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èyí sì ni mo ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ̀pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn, kò sì sí èyí tó ń fẹ́ owó rẹpẹtẹ nínú wọn. Ẹ ri pátákó tó ṣe é kà sí ẹ̀bá títì, kó sọ fún ẹni tó ń kọjá pé ilẹ̀ orísun Ọ̀ṣun ló wà yìí. Ẹ wá àyè tí mọ́tò lè dúró sí, àti ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́. Ẹ jókòó pẹ̀lú Onígèdè àti àwọn tó ń bọ Ọ̀ṣun, kí ẹ yan àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan, kí àwọn àgbà kọ́ wọn ní ìtàn, kí wọ́n sì máa gba owó iṣẹ́ wọn. Ẹ kọ iye tí àlejò yóò san sára pátákó, kí àwọn ọmọ ìta má baà sọ ara wọn di agbowó-orí. Ìgbà tí ẹ bá ti ṣe èyí tán ni kí ẹ tó dárúkọ ilé ìtura létí wa.

Ohun tí a bá ní là ń náání. Erékùṣù kékeré ni Gorée, síbẹ̀ àwọn ará Dakar náání rẹ̀ dé bi pé ẹni tó ní ọ̀sán kan péré ń dé ibẹ̀. Odò tí orúkọ rẹ̀ kárí ayé, ẹ̀yìnkùlé wa ló ti sun. Ẹni tó bá ń kọjá ní Ìgèdè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó tẹ bíréèkì.